Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Àwọn Obìnrin Tó Gbógun Ti Ogun Láàárín Ogun Àgbáyé Méjèèjì

Nínú ìwé ìròyìn wa ti oṣù tó kọjá, a kọ ọ̀rọ̀ ṣókí kan nípa ìpàdé tí àwọn obìnrin tó lé ní 1,000 láti orílẹ̀-èdè 12 ṣe ní ìlú The Hague, ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì, ní ìparí oṣù Kẹrin ọdún 1915, nígbà tí àwọn ọkọ, ọmọ àti àbúrò wọn ń para wọn lójú ogun. Lẹ́tà tí àwọn òǹkàwé fi fèsì pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ. A ṣa márùn-ún nínú àwọn ìbéèrè náà, a gé àwọn tó gùn jù kúrú, ṣùgbọ́n a kò yí ohun tí ẹnikẹ́ni béèrè padà.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ sọ fún wa pé ìpàdé The Hague parí láìsí ìjọba kankan tó gbọ́ tiwọn. Ṣé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kú sí? Kí ni wọ́n ṣe nígbà tí ogun tán? (Akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn)

Ìdáhùn: Kò kú síbẹ̀ rárá. Kí wọ́n tó tú ká ní The Hague ni wọ́n ti jọ pinnu pé ìgbàkígbà tí àwọn ìjọba bá jókòó láti kọ àdéhùn àlàáfíà, ibẹ̀ ni àwọn náà yóò ti pàdé, kí ohùn obìnrin lè dé etí àwọn tó ń pín ayé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ náà dé ní ọdún 1919, Paris ni àwọn aláṣẹ fi ìpàdé tiwọn sí, kò sì sí bí obìnrin ilẹ̀ Jámánì ṣe lè wọ Paris nígbà náà. Àwọn obìnrin yìí fi àáké kọ́rí pé àwọn kò ní ṣe ìpàdé àlàáfíà tí ẹ̀gbẹ́ tó ṣẹ́gun nìkan yóò ti sọ̀rọ̀. Ni wọ́n bá gba Zurich lọ ní oṣù Karùn-ún, ní ilẹ̀ Swítsàlandì tí kò bá ẹnikẹ́ni jà. (Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé orílẹ̀-èdè tó gbà wọ́n lálejò yìí kò jẹ́ kí àwọn obìnrin tirẹ̀ dìbò nínú ìdìbò ìjọba àpapọ̀ títí di ọdún 1971.)

Kí Jane Addams, ará Amẹ́ríkà tó jẹ́ ààrẹ wọn, tó dé Zurich, òun àti àwọn tó bá a rìn kọ́kọ́ yà sí àríwá ilẹ̀ Faransé, níbi tí ogun ti ba nǹkan jẹ́ gan-an. Ní ìlú Lille, wọ́n wọ yàrá ilé-ìwé kan tí dókítà ti ń yẹ àwọn ọmọkùnrin wò bóyá ikọ́ ife ti mú wọn. Ọmọ ọdún mẹ́fà sí mẹ́wàá ni wọ́n. Wọ́n ti bọ́ ẹ̀wù wọn dé ìbàdí, wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn, egungun ìhà àti ti èjìká wọn sì yọ síta débi pé Addams kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé ńṣe ló dà bí ẹni pé egungun ló ń rìn kọjá níwájú òun. Ìbúgbàù ohun ìjà ti gba ohùn lẹ́nu dókítà náà, kò lè sọ̀rọ̀ sókè mọ́, nítorí náà ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí àwọn ọmọ náà bó ṣe ń gbọ́ ìró àyà wọn. Àwọn ọmọ rò pé eré ni, àwọn náà sì ń dá a lóhùn wúyẹ́wúyẹ́.

Ohun tí ojú wọn rí yìí ni wọ́n gbé wọ ìpàdé. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 1918 ni ìbọn ti dákẹ́, síbẹ̀ àwọn ọkọ̀ ojú omi àwọn tó ṣẹ́gun ṣì ń dí ọ̀nà oúnjẹ mọ́ Jámánì àti Ọ́stríà, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọdé àti arúgbó ni ebi náà ń pa, kì í ṣe àwọn ọ̀gágun. Ìpàdé Zurich fi wáyà ránṣẹ́ sí Paris pé kí wọ́n ṣí ọ̀nà, kí wọ́n sì pín oúnjẹ àti owó tó wà láyé fún ẹni tó nílò rẹ̀. Woodrow Wilson, ààrẹ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, fèsì tìfẹ́tìfẹ́ pé ọ̀rọ̀ wọn wọ òun lọ́kàn, ṣùgbọ́n ó fi kún un pé ìṣòro tó wà ńlẹ̀ pọ̀, kò sì jọ pé ọ̀nà máa tètè là.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n kan àdéhùn àlàáfíà Versailles fúnra rẹ̀, tí àwọn aláṣẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé fún àwọn ará Jámánì ní oṣù yẹn kan náà. Àwọn obìnrin yìí wà lára àwọn àkọ́kọ́ tó jókòó tì í, tí wọ́n kà á, tí wọ́n sì sọ ní gbangba pé kò dára. Wọ́n ní ó fún ẹni tó ṣẹ́gun láṣẹ láti kó ìkógun, wọ́n ní ó gba ohun ìjà lọ́wọ́ ẹ̀gbẹ́ kan, ó fi sílẹ̀ fún èkejì, wọ́n sì ní ọ̀rọ̀ owó inú rẹ̀ yóò ti mílíọ̀nù 100 èèyàn láàárín gbùngbùn Yúróòpù sínú òṣì, àìsàn àti àìnírètí, èyí tí yóò bí ìkórìíra lọ́mọ. Ẹni tó bá ka ìpinnu náà lónìí lè rò pé lẹ́yìn ọdún 1939 ni wọ́n kọ ọ́.

Nígbà tí ìpàdé ń parí lọ ni Jeanne Mélin wọlé. Láti Ardennes ló ti wá, apá ilẹ̀ Faransé tí àwọn ọmọ ogun Jámánì gbà tí wọ́n sì bà jẹ́, ìwé àṣẹ ìrìnnà ni kò jẹ́ kó tètè dé. Bí Lida Gustava Heymann, ará Jámánì, ṣe rí i, ó dìde, ó gbé òdòdó róòsì lé e lọ́wọ́, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ níwájú gbogbo èèyàn, ó ní obìnrin Jámánì ló na ọwọ́ sí obìnrin Faransé yìí. Gbogbo ilé dìde, Emily Greene Balch, ará Amẹ́ríkà, na ọwọ́ sókè, wọ́n sì jọ jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn yóò ṣiṣẹ́ fún àlàáfíà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ẹgbẹ́ náà ní Ẹgbẹ́ Àgbáyé Àwọn Obìnrin fún Àlàáfíà àti Òmìnira, tí ayé mọ̀ sí WILPF. Wọ́n gbé ọ́fíìsì rẹ̀ lọ sí Geneva, Balch sì di akọ̀wé àgbà àkọ́kọ́. Iṣẹ́ olùkọ́ rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Wellesley ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ó sọ̀rọ̀ lòdì sí ogun.

Ìbéèrè: Mo gbà pé kí obìnrin bá ogun wí. Ṣùgbọ́n mo rí i nínú ìwé pé àwọn kan náà ló ń sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọdé, fífi obìnrin ṣòwò, àti iṣẹ́ òru ní ilé iṣẹ́ ńláńlá. Ṣé wọn kò da ọ̀rọ̀ pọ̀ ni? (Àgbàlagbà òǹkàwé)

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ ṣeun. Lójú tiwọn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Ẹni tó ti rí àwọn ọmọ Lille yẹn kò ní lè sọ pé ibí ni ogun parí sí, ibí ni ìṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà wa náà sọ pé bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe.

Ẹ jẹ́ ká wo Eglantyne Jebb, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1919, ọlọ́pàá mú un ní Trafalgar Square nílùú London nítorí pé ó ń pín ìwé pélébé tí àwòrán ọmọ tí ebi ń pa ní Ọ́stríà wà lórí rẹ̀, láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba. Ilé ẹjọ́ ní kó san owó ìtanràn pọ́ùn 5. Ohun tí wọ́n máa ń sọ nípa ẹjọ́ náà ni pé agbẹjọ́rò ìjọba tó rojọ́ tako o fúnra rẹ̀ ló fún un ní pọ́ùn 5, owó yẹn ló sì di ọrẹ àkọ́kọ́ fún Save the Children, àjọ tí òun àti Dorothy Buxton àbúrò rẹ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún yẹn. Ó ṣòro láti polongo pé kí a bọ́ ọmọ ọ̀tá nígbà tí ọ̀fọ̀ ṣì wà nínú ilé púpọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn èèyàn sì bú u dáadáa. Kò jáwọ́. Òun ló wà nídìí ìwé ìkéde ẹ̀tọ́ ọmọdé tí àjọ àwọn orílẹ̀-èdè ìgbà náà, ìyẹn League of Nations, fọwọ́ sí ní ọdún 1924. Kókó márùn-ún péré ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn sọ pé bí wàhálà bá dé, ọmọdé ni kí wọ́n kọ́kọ́ ràn lọ́wọ́. Òmíràn sọ pé ọmọ tí ebi ń pa gbọ́dọ̀ jẹun, èyí tó ń ṣàìsàn gbọ́dọ̀ rí ìtọ́jú, aláìlóbìí gbọ́dọ̀ rí ibi forí pamọ́ sí. Ìpìlẹ̀ yìí ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé ìkéde tirẹ̀ kà ní ọdún 1959.

League yìí kan náà ni àwọn obìnrin rí gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀kùn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1919, àwọn aṣojú wọn lọ bá ìgbìmọ̀ tó ń kọ òfin rẹ̀ ní Paris, ohun tó sì jáde wá ni pé abala keje òfin náà sọ pé gbogbo ipò nínú àjọ náà ṣí sílẹ̀ fún ọkùnrin àti obìnrin bákan náà. Òfin lọ́tọ̀, ìṣe lọ́tọ̀ ṣá o. Obìnrin kan ṣoṣo ló di olórí ẹ̀ka níbẹ̀, ìyẹn Rachel Crowdy, tó bójú tó ọ̀rọ̀ àwùjọ àti òwò opium, oògùn olóró, láti 1919 sí 1931, wọn kò sì fún un ní oyè olùdarí bíi ti àwọn ọkùnrin tí iṣẹ́ wọn kò ju tirẹ̀ lọ. Lábẹ́ ẹ̀ka yìí ni àdéhùn ọdún 1921 lórí fífi obìnrin àti ọmọdé ṣòwò wà. Kí ó tó dé, òwò ẹrú funfun ni wọ́n ń pe ìwà ibi yìí, bí ẹni pé obìnrin Yúróòpù nìkan ni wọ́n ń tà. Àdéhùn tuntun yìí sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ gbogbo obìnrin àti gbogbo ọmọdé, ó sì gbé ọjọ́ orí ààbò lọ sí ọdún 21.

Lórí iṣẹ́ òru ni ẹnu wọn kò ti kò. Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, ILO, ṣe òfin ní ọdún 1919 pé obìnrin kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ òru ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ. Inú àwọn kan dùn pé wọ́n ti dáàbò bo ìyá ọmọ. Àwọn mìíràn bínú pé ìdí oúnjẹ ni wọ́n ti lé obìnrin lórúkọ àánú, àwọn wọ̀nyí ló sì dá ẹgbẹ́ Open Door International sílẹ̀ ní Berlin ní ọdún 1929. Ní tèmi, àwọn méjèèjì ni wọ́n rí apá kan òótọ́, èyí ló sì fà á tí ìjà náà kò fi tán láàárín wọn.

Ìbéèrè: Òyìnbó nìkan ni mo rí nínú àwọn fọ́tò tí ẹ tẹ̀ jáde. Ṣé àwọn aláwọ̀ dúdú kò bá wọn dá sí i ni, àbí wọn kò pè wọ́n? (Ìyá olùkọ́)

Ìdáhùn: Ẹ ríran dáadáa, mà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ òyìnbó tí ọwọ́ wọn tó ẹnu, nítorí ẹni tó lè san owó ọkọ̀ ojú omi tó sì lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ló ń dé irú ìpàdé bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Mary Church Terrell wà ní Zurich ní 1919, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí àwọn òbí rẹ̀ méjèèjì ti fìgbà kan jẹ́ ẹrú. Èdè Jámánì ló fi bá ìpàdé náà sọ̀rọ̀, ó sì sọ fún wọn pé asán ni ọ̀rọ̀ àlàáfíà tí kò bá sí ìdájọ́ òdodo fún àwọn aláwọ̀ dúdú.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n tún dán an wò. Àwọn ọmọ ogun láti ilẹ̀ Áfíríkà tí Faransé ń ṣàkóso wà lára àwọn tí Faransé kó lọ gba ẹkùn odò Rhine ní Jámánì, ariwo sì gba Yúróòpù kan pé wọ́n ń fipá bá àwọn obìnrin lò pọ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní Amẹ́ríkà kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n kó àwọn dúdú kúrò níbẹ̀, wọ́n sì gbé e fún Terrell pé kó fọwọ́ sí i. Ó kọ̀. Ó kọ̀wé sí Addams pé àwọ̀ ara àwọn ọmọ ogun wọ̀nyí ni wọ́n ń bá jà, kì í ṣe ìwà wọn, àti pé òun ṣe tán láti fi ipò òun sílẹ̀ bó bá jẹ́ ohun tó gbà nìyẹn. Addams gbà pé ó jàre. Mo ka èyí sí ìtàn tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń yìn wọ́n máa sọ, nítorí ó fi hàn pé ẹni tó kórìíra ogun lè má mọ̀ pé òun ṣì gbé ẹ̀tanú dání.

Èyí tó wú mi lórí jù ni ti Hàítì. Láti ọdún 1915 ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ti gba orílẹ̀-èdè àwọn aláwọ̀ dúdú yìí. Ní ọdún 1926, Emily Balch kó àwọn kan lẹ́yìn lọ síbẹ̀ láti fojú ara wọn rí i, Addie Hunton àti Charlotte Atwood, obìnrin aláwọ̀ dúdú méjì, sì wà nínú wọn. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀ pé kí Amẹ́ríkà dá ìjọba ilẹ̀ náà padà fún àwọn tó ni ín. Ní 1934 ni àwọn ọmọ ogun náà kúrò. Ìwé yẹn nìkan kọ́ ló lé wọn, àwọn ará Hàítì fúnra wọn ti jà fún un, wọ́n sì ti kú fún un.

Ní ti Íjíbítì, Huda Sha'arawi dá ẹgbẹ́ obìnrin sílẹ̀ ní Cairo ní ọdún 1923, ó sì lọ sí ìpàdé àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ìdìbò ní Rome lọ́dún yẹn kan náà. Òun àti irú rẹ̀ ń bi àwọn òyìnbó léèrè bí ènìyàn ṣe ń wá àlàáfíà tí ìjọba rẹ̀ sì ń jókòó lé orí ilẹ̀ ẹlòmíràn. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n rí èsì tó péye gbà. Nígbà tí League pín àwọn ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Jámánì àti Tọ́kì fún Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé láti máa ṣàkóso, púpọ̀ nínú àwọn obìnrin wọ̀nyí béèrè pé kí wọ́n máa ṣọ́ àwọn alákòóso náà dáadáa. Díẹ̀ ló sọ pé kí wọ́n palẹ̀ ẹrù wọn mọ́.

Ìbéèrè: Ogun ṣì bẹ́ sílẹ̀ ní 1939. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n fi ogún ọdún ṣòfò? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn wá. (Òǹkàwé tí kò fẹ́ kí a dárúkọ òun)

Ìdáhùn: Kò sí ọ̀rọ̀ dídùn níbẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 1932, àwọn obìnrin tò wọ àpérò lórí dídín ohun ìjà kù ní Geneva, wọ́n gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n dì ní ìdìpọ̀ ìdìpọ̀ lọ́wọ́, ìwé tí èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 8 ti fọwọ́ sí. Ilé dé ilé ni wọ́n fi kó púpọ̀ nínú ìfọwọ́sí wọ̀nyẹn jọ, láìsí rédíò tí wọ́n ni, láìsí owó ìjọba. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí àpérò náà bẹ̀rẹ̀ pàápàá, ìjà ti ń lọ ní Shanghai láàárín Japan àti China. Adolf Hitler gorí àlééfà ní oṣù Kìíní ọdún 1933, nígbà tó sì di oṣù Kẹwàá, Jámánì ti jáde kúrò nínú àpérò náà àti nínú League fúnra rẹ̀.

Kí ẹ tó sọ pé wọn kò lójú ìríran, ẹ gbọ́ èyí. Ní ọdún 1923, Heymann tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè àti Anita Augspurg, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ amòfin, tọ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé ti Bavaria, ìpínlẹ̀ kan ní Jámánì, lọ, wọ́n ní kó lé Hitler padà sí Ọ́stríà tó ti wá, nítorí pé ó ń dá ìjà sílẹ̀. Mínísítà kò ṣe é. Nígbà tí Hitler wá di aláṣẹ lọ́dún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, òkè òkun ni àwọn méjèèjì wà. Wọn kò padà sílé mọ́. Ìjọba Násì, ìyẹn ìjọba Hitler, gba ohun ìní wọn, ìwé tí wọ́n ti kó jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún lórí ìgbòkègbodò àwọn obìnrin sì bá a lọ. Zurich ni wọ́n kú sí ní ọdún 1943, oṣù díẹ̀ ló wà láàárín ikú wọn. Ẹni tó bá pariwo iná tí àwọn ará ilé kò dìde, a kì í sọ pé òun ló tiná bọlé.

Ibi tí mo ti lè bá wọn wí ni pé wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé ìwé ẹ̀bẹ̀ jù, wọ́n sì gbà pé ìjọba tó bá gbọ́ ohùn èèyàn púpọ̀ yóò tijú. Nígbà tí wọ́n pàdé ẹni tí kì í tijú, ẹgbẹ́ náà pín sí méjì: àwọn kan ní ogun kò dára títí láé, àwọn mìíràn, Gabrielle Duchêne ará Faransé lára wọn, ní a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá àwọn Násì àti irú wọn dúró. Balch pàápàá, tí ogun ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà kan, gbà nígbẹ̀yìn pé kò sí ọ̀nà mìíràn láti ṣẹ́gun Hitler. Wọ́n fún un ní Ẹ̀bùn Nobel fún Àlàáfíà ní ọdún 1946. Addams ti gba tirẹ̀ ní 1931, ó sì kó owó náà fún ẹgbẹ́ wọn.

Ìbéèrè: Ìyá mi àgbà sọ fún mi pé láyé àtijọ́, obìnrin tó bá fẹ́ àjèjì lè pàdánù orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? (Ọ̀dọ́bìnrin òǹkàwé)

Ìdáhùn: Òótọ́ pọ́ńbélé ni, ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Obìnrin Gẹ̀ẹ́sì tó fẹ́ ará Jámánì di ará Jámánì lójú òfin, nígbà tí ogun sì dé ní 1914, ó di ọ̀tá nínú ìlú tí wọ́n bí i sí. Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í tún tirẹ̀ ṣe ní 1922. Àwọn obìnrin gbé ẹjọ́ náà lọ sí àpérò àwọn amòfin ní The Hague ní 1930, ohun tí wọ́n rí gbà níbẹ̀ kò tó nǹkan. Ìwọ̀-oòrùn ayé ló ṣe é yanjú: ní Montevideo, ní ọdún 1933, àwọn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àdéhùn pé òfin kò gbọ́dọ̀ ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin lórí ọ̀rọ̀ ọmọ onílùú. Doris Stevens àti ìgbìmọ̀ obìnrin tó darí ló ti iṣẹ́ náà dé òpin.

Ṣùgbọ́n ìgbéyàwó nìkan kọ́ ló ń sọ obìnrin di aláìnílùú. Rosika Schwimmer, ọmọ Húngárì tó wà lára àwọn tó dá ìpàdé The Hague sílẹ̀, tó sì ti ṣe aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní Swítsàlandì, sá lọ sí Amẹ́ríkà lẹ́yìn tí ìjọba ilé rẹ̀ yí padà. Nígbà tó béèrè fún ìwé ọmọ onílùú, wọ́n bi í bóyá ó ṣe tán láti gbé ìbọn gbèjà Amẹ́ríkà. Ó ní rárá. Ó ti lé ní ẹni 50 ọdún, kò sì sí òfin tó ń mú obìnrin wọṣẹ́ ológun ní Amẹ́ríkà nígbà náà, síbẹ̀ Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní kí wọ́n má fún un ní ìwé náà ní oṣù Karùn-ún ọdún 1929. Ilé ẹjọ́ náà yí èrò rẹ̀ padà lórí irú ọ̀rọ̀ yìí ní 1946, nínú ẹjọ́ ẹlòmíràn. Schwimmer kú ní New York ní 1948, láìjẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè kankan.